Iná ọ̀sán tí kò gbọ́ pípa: bí ẹ ṣe máa wádìí rẹ̀, àti bí ẹ ṣe lè pa á láì gé wáyà

Tí ẹ bá ra tòkunbọ̀ tó ti Kánádà wá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹ ti yí síwíṣì iná sẹ́yìn pátápátá, ọ̀sán gangan ni, oòrùn Àbújá ń jó orí ọkọ̀, síbẹ̀ iná iwájú yín ń tàn. Oníkẹ̀kẹ́ NAPEP tó ń bọ̀ níwájú á na ọwọ́ síta, á máa la àtẹ́lẹwọ́, á máa pa á dé, láti fi sọ fún yín pé ẹ gbàgbé iná. Ní Kubwa níbí, láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, èèyàn márùn-ún ni mo juwọ́ sí pé wọ́n ṣeun nítorí iná yìí kí n tó dé ibi iṣẹ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Iná tó ń tàn fúnra rẹ̀ lójú ọ̀sán nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni, DRL ni àwọn ríwáyà ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán tètè rí yín. Kì í ṣe pé kí ẹ̀yin fi ríran. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ alẹ́.

Ilẹ̀ òtútù ni àṣà yìí ti ṣẹ̀. Sweden sọ ọ́ di òfin ní 1977 pé kí ọkọ̀ máa tan iná lọ́sàn-án, torí ọ̀sán tiwọn nígbà òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ tiwa. Kánádà ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1989 ní in lára. Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ di dandan, àmọ́ General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ tiwọn láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1995, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ní Yúróòpù, oṣù Kejì 2011 ni ó di dandan fún irú ọkọ̀ tuntun. Ìdí nìyí tí Camry méjì tó jọra bí ìbejì, tí wọ́n jọ wà ní gáréèjì kan náà, fi lè yàtọ̀: ọ̀kan ti Amẹ́ríkà wá, èkejì ti Kánádà wá. Ẹ wo mítà eré inú ọkọ̀ yín. Tí kìlómítà bá ni nọ́ńbà gàdàgbà, tí máìlì kéré tàbí tí kò sí rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ti Kánádà ni.

Ohun tó ń mú wa fẹ́ pa á

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Lọ́kọ́jà mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ẹ bá súnmọ́ ṣẹ́kípọ́ìǹtì àwọn sójà, ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí ẹ dẹ eré, kí ẹ pa iná iwájú, kí ẹ sì tan iná inú ọkọ̀ kí wọ́n lè rí ojú yín. Ẹ yí síwíṣì sẹ́yìn nítòótọ́. Ṣùgbọ́n bí iná ńlá ṣe kú ni iná ọ̀sán gba ipò rẹ̀. Lójú ọmọ ogun tó dúró nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ẹ kò pa nǹkan kan. Á tún pariwo, ẹ̀yin náà á tún máa yí síwíṣì lójú rẹ̀, àyà yín á sì máa já. Èmi ò rí ìdí mìíràn tó lágbára tó èyí.

Àwọn kan fẹ́ pa á torí gílóòbù ń tètè jó. Àwọn kan, torí ariwo àwọn èèyàn lójú títì ti sú wọn. Ìwọ̀nyí náà ní ìdí nínú.

Èmi fẹ́ pa á torí ṣẹ́kípọ́ìǹtì, ọ̀nà tí mo sì gbà pa á nígbà àkọ́kọ́ ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Accord ni mò ń wà, èyí tí a ń pè ní End of Discussion, ti Kánádà. Mo gbé e lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan níbí. Ríwáyà tó wo ọkọ̀ náà kò béèrè nǹkan kan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà kan jáde lára ìdì wáyà tó wà lẹ́yìn iná ọ̀tún, ó fi puláyà gé e, ó we téèpù dúdú mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé. Iná ọ̀sán kú lóòótọ́. Mo sanwó, inú mi dùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mò ń lọ sílé fún ìsìnkú, èmi àti ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin tó sùn sẹ́yìn. A ti kọjá Gwagwalada, a ò tíì dé Abaji. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn ìgboro. Mo fa ọ̀pá iná kí n lè rí ọ̀nà jìnnà, fúùlù kò tàn. Mo tún fà á, kò tàn. Dímù nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ibi tó sì ń tàn dé kò ju ìwọ̀n tí bíréèkì lè bá lọ. Tírélà kan ti kú sórí ọ̀nà, kò sí iná lẹ́yìn rẹ̀, ewé igi tí wọ́n já lélẹ̀ nìkan ni àmì. Orí ewé yẹn ni táyà mi kọ́kọ́ gbà kí n tó rí ìdí tírélà náà. Ọlọ́run ló ní kí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo lákòókò yẹn. Ọmọ náà kò jí.

Bàbá kan, ará Ọ̀ffà tó ti ń ṣe ríwáyà ní Kàdúná láti ọjọ́ pípẹ́, ló tú téèpù yẹn lẹ́yìn oṣù kan. Ó fi àtàǹpàkò fọ ojú bàbà tó ti dúdú, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe iná méjì ló wà níbí o. Fúùlù kan náà ni. Lọ́sàn-án, oúnjẹ àbọ̀ ni wọ́n ń fún un. Ẹni tó gé oúnjẹ àbọ̀ yìí, ìkòkò ló fọ́."

Gbogbo ìtọ́sọ́nà tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, orí ohun tí bàbá yẹn sọ ni mo kọ́ ọ lé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iná tí ọkọ̀ yín ń lò

Ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ síwájú ògiri, bíi mítà mẹ́ta sí i. Ẹ fa háńdíbíréèkì sókè, ẹ ṣiná kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ yí síwíṣì iná sí òdo. Ẹ wò ó bóyá nǹkan kan tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ sọ háńdíbíréèkì kalẹ̀. Tí iná bá tàn lásìkò tí háńdíbíréèkì sọ̀ kalẹ̀ yẹn, iná ọ̀sán ni, ó sì wà ní àlàáfíà.

Ní kí ẹlòmíràn jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ̀yin lọ síwájú lọ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde.

Tó bá jẹ́ inú ihò fúùlù ni, tí ó pọ́n díẹ̀ bí iná tí kò ní agbára tó, irú ti Accord mi ni. Honda ti irú ọdún wọ̀nyẹn ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn Toyota kan náà sì ń ṣe é. Tó bá jẹ́ inú ihò dímù ni, iná dímù gan-an ló ń ṣiṣẹ́ méjì. Ní àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, tíráfíkétọ̀ iwájú ni wọ́n ń lò, ẹ ó rí i tó pọ́n bí ọsàn, tí kò sì ṣẹ́jú. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní gílóòbù kékeré tirẹ̀ lọ́tọ̀, bíi wáàtì 21. Àwọn ọkọ̀ tuntun ní tiwọn ń lo LED, èyí tó tò bí ìpéǹpéjú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Tí iná ọ̀sán bá dá dúró lọ́tọ̀, a lè pa á láì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Tó bá jẹ́ fúùlù tàbí dímù ni wọ́n fi ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá fi puláyà kan wáyà ibẹ̀, iná alẹ́ yín ló ń fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ háńdíbíréèkì yìí ní ẹ̀tàn díẹ̀ nínú o. Ní Honda, tí iná ọ̀sán bá ti tàn lẹ́ẹ̀kan, kò ní kú mọ́ kódà bí ẹ bá tún fa háńdíbíréèkì sókè, àfi tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá fà á sókè tí iná kò kú, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́.

Nígbà tí iná ọ̀sán bá kọ̀ láti tàn

Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó wo ibikíbi. Ṣé iná bíréèkì pupa ṣì ń tàn lẹ́yìn tí ẹ ti sọ háńdíbíréèkì kalẹ̀? Tó bá ń tàn, lójú ọkọ̀, háńdíbíréèkì ṣì wà lókè, ìyẹn ni kò ṣe tan iná ọ̀sán. Ìdí lè jẹ́ síwíṣì kékeré tó wà ní ìdí háńdíbíréèkì tó ti há. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná pupa kan náà ló ń kìlọ̀ pé omi bíréèkì ti lọ sílẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ike omi bíréèkì ná. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ ìlà, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ iná, ẹ lọ wá ibi tí omi náà ń gbà lọ.

Tí iná pupa bá ti kú, ó kan gílóòbù. Ẹ fa ọ̀pá iná sọ́dọ̀ ara yín kí fúùlù tàn, kí ẹni tó wà níwájú wò ó. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló tàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mú olè. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, wọ́n so gílóòbù fúùlù méjèèjì mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan, kí fóòtì 12 (agbára iná bátìrì) lè pín sí méjì láàárín wọn. Mẹ́fà mẹ́fà ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni ìmọ́lẹ̀ fi ń dín kù. Tí ọ̀kan bá jó, okùn já, méjèèjì á kú. Èèyàn á máa wá fíúsì kiri nígbà tó jẹ́ gílóòbù kan ló ní wàhálà. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ojú gíláàsì rẹ̀: òróró ara ọwọ́ ń mú kó yára jó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í mú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fíúsì. Ẹ óò rí àpótí rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òmíràn sì wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú orúnkún dírẹ́fà. Ẹ̀yìn ìdérí ló ní àwòrán tó sọ èyí tó jẹ́ ti kí ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DRL sí. Ẹ ra mítà kékeré, èyí tí àwọn ríwáyà fi ń ka fóòtì. Ẹ yí i sí DC 20, ẹ fi ẹnu dúdú kan orí bátìrì tó ní àmì òdì (−), ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ sọ háńdíbíréèkì kalẹ̀. Orí fíúsì ní ihò kéékèèké méjì tí irin hàn nínú wọn; ẹ fi ẹnu pupa kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, láì yọ fíúsì náà. Bí méjèèjì bá kà tó 12, fíúsì wà dáadáa. Bí ọ̀kan bá kà á tí èkejì kò ka nǹkan kan, ó ti já. Bí méjèèjì kò bá ka nǹkan kan, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ẹ lọ wo ríléè, ìyẹn síwíṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń tì.

Fíúsì tó já, èyí tó ní àwọ̀ kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò: búráùn fún 7.5, pupa fún 10, búlúù fún 15, yẹ́lò fún 20. Ẹni tó bá fi 20 sí ibi 10 torí pé èyí kékeré ń já ṣáá, wáyà ló fẹ́ kó jó dípò fíúsì. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi bébà sìgá onífàdákà we fíúsì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láéláé.

Ọ̀rọ̀ kan nípa kíka fóòtì lẹ́yìn gílóòbù: tí mítà yín bá kà 5 tàbí 6 tàbí 7 níbẹ̀ lásìkò iná ọ̀sán, kì í ṣe àìsàn. Oúnjẹ àbọ̀ yẹn náà ni.

Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń tàn tí èkejì kò tàn, nínú ọkọ̀ tí wọn kò so méjèèjì mọ́ okùn kan, ẹ̀gbẹ́ tí kò tàn ni kí ẹ dúró sí. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn gílóòbù, ẹ wò ó lójú oòrùn. Ṣé ike rẹ̀ ti yọ́, tó ti di búráùn? Ooru gílóòbù ló fà á, ojú irin rẹ̀ kò mú dáadáa mọ́. Ṣé ó ní àwọ̀ ewé bí owó àtijọ́? Omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì (earth) dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù kàn án mọ́ ara ọkọ̀, ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà fọ ojú rẹ̀ títí á fi dán, ẹ dì í padà. Eruku ọyẹ́ níbí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì wo àmì eyín eku lára wáyà, pàápàá ẹ̀yin tó ń gbé àwọn ẹ̀sítéètì tí igbó yí ká. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ilé tó wù wọ́n jù lóru ọyẹ́.

LED tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan le díẹ̀, torí kò ní gílóòbù tí a lè yọ. Ẹ wo inú gíláàsì iná náà láàárọ̀ bóyá omi ń sẹ̀ níbẹ̀. Tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, odindi iná náà ni ẹ ó máa wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì tòkunbọ̀ ní Apo tàbí Zuba.

Nígbà tó bá ń tàn tí kò yẹ kó tàn

Iná ọ̀sán tí kò kú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò jẹ́ àìsàn lóòótọ́, ó sì ń kánjú. Ríléè tó ti há ló sábà máa ń fà á. Ẹ rò ó wò: gílóòbù wáàtì 21 méjì jẹ́ wáàtì 42, ó ń fa bíi ámpíà mẹ́ta àbọ̀ lára bátìrì fóòtì 12. Bátìrì ámpíà-wákàtí 60 tí ẹ fi sílẹ̀ ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kò ní lè gbé e kọjá ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, á sì ti kọ̀ láti ṣiná ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ gbá ríléè náà ní pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn sùkúdíráfà. Tí iná bá kú, ríléè ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má wulẹ̀ máa gbá a lójoojúmọ́.

Tí iná ọ̀sán ẹ̀gbẹ́ kan bá ń kú tàbí tó ń dín nígbà tí ẹ bá tan tíráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn, tó tún padà nígbà tí ẹ pa á, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí tíráfíkétọ̀ dáadáa. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti tún un ṣe.

Bí a ṣe ń pa á

Ọ̀nà tó dára jù ni èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ wo orí ọ̀pá iná tó wà lábẹ́ sítíárìn. Ọ̀pọ̀ Toyota tó ti Amẹ́ríkà wá ní ibì kan nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n kọ DRL OFF sí. Ẹ kàn yí i débẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó wa RAV4 fún ọdún méjì kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ wà. Nínú Audi àti Mercedes kan, inú àkójọ tó ń hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí sikíríìnì ni ẹ ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò iná. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín ti ọdún yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí kò bá sí irú rẹ̀, fíúsì tàbí ríléè tí wọ́n kọ DRL sí ló kàn. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ ya fọ́tò àpótí fíúsì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi ike kékeré tó ń bẹ nínú àpótí náà yọ ọ̀kan yẹn nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n kọ SRS sí, ti ẹ́ábáàgì ni. Ẹ kò nílò láti yọ orí bátìrì fún iṣẹ́ yìí. Nínú Honda, tí ẹ bá yọ ọ́, rédíò lè máa béèrè kóòdù tí ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín kò ní.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ ni iṣẹ́ gidi wà, òun sì ni ríwáyà mi kò ṣe. Ẹ ṣiná níwájú ògiri yẹn lálẹ́. Ẹ tan páàkì, ẹ tan dímù, ẹ tan fúùlù, ẹ fa ọ̀pá láti fi ṣẹ́jú, ẹ tan tíráfíkétọ̀ ọ̀tún àti òsì, ẹ fọn fèrè, ẹ wo gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ sì rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ wo iná ẹ̀yìn. Tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ dá fíúsì náà padà. Ó túmọ̀ sí pé ohun mìíràn ń jẹun nínú àwo kan náà. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó ní àwòrán wáyà ọkọ̀ yín lọ́wọ́ kó tó tú ohunkóhun.

Tí iná ọ̀sán yín bá ní gílóòbù tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ lè yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù àti téèpù dì í kí eruku àti omi má wọ ọ́, kí ẹ sì so ó mọ́ ibi tí kò ti ní máa gbá kiri. Ọkọ̀ tuntun lè sọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé gílóòbù ti jó. Fún irú wọn, ẹni tó ní sikánà tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló yẹ kó pa á níbẹ̀. Ẹ ní kó kọ ohun tó wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kó tó yí i padà.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ máa fa háńdíbíréèkì sókè díẹ̀, ẹyọ kan péré, kí ẹ máa wakọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, iná ọ̀sán kò ní tàn. Kò ní tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná bíréèkì pupa á máa tàn lójú yín láti àárọ̀ dé alẹ́, ojú á mọ́ ọn lára, ọjọ́ tí omi bíréèkì bá lọ tán, ẹ kò ní mọ̀. Háńdíbíréèkì tó tún gòkè díẹ̀ sí i á máa jó bíréèkì ẹ̀yìn, ẹ ó máa gbọ́ òórùn rẹ̀ lórí òkè kí ẹ tó mọ ibi tó ti wá.

Àwọn LED tí wọ́n ń tà lójú títì, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ńpà, kò le láti pa: ẹ tọ wáyà rẹ̀ dé ibi tí wọ́n so ó mọ́, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé orí bátìrì ni wọ́n so ó mọ́ tààrà láì sí fíúsì láàárín, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Ọ̀rọ̀ alẹ́, àti ọyẹ́

Mo ní kí ẹ rántí pé iná ọ̀sán wà kí wọ́n lè rí yín. Iwájú nìkan ni wọ́n sì ti ń rí yín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń wà níbí, iná ẹ̀yìn kì í bá a tàn. Lálẹ́ lórí ọ̀nà Kubwa tàbí ti pápákọ̀ òfurufú, iná òpópónà mọ́lẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù yín ń tàn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wà níwájú yín, ẹ rò pé ẹ ti tan iná. Ẹ̀yìn yín dúdú bí ìkòkò. Ẹ ó dé ibi tí iná òpópónà ti kú, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan. Kánádà fúnra wọn rí àléébù yìí: láti oṣù Kẹsàn-án 2021, wọ́n ní kí ọkọ̀ tuntun máa tan iná ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán, tàbí kó máa tan gbogbo iná fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí kí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣókùnkùn kí dírẹ́fà lè mọ̀ pé òun kò tíì tan iná. Tòkunbọ̀ wa ti wà ṣáájú òfin yẹn.

Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ yín tan iná gidi nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Bákan náà ni nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo ọ̀nà Kàdúná tí ẹ ò rí igi tó wà ní mítà igba. Ẹ tan dímù lọ́sàn-án, kí iná ẹ̀yìn lè bá a tàn. Lásìkò yẹn, ẹni tó ti pa iná ọ̀sán tirẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ gbàgbé rárá.

Ní ṣẹ́kípọ́ìǹtì lálẹ́, tí ẹ kò bá tíì pa iná ọ̀sán yín: ẹ dẹ eré láti ọ̀nà jíjìn, ẹ tan iná inú ọkọ̀ ṣáájú ohun gbogbo, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀. Ẹ fi dímù wọlé díẹ̀díẹ̀, torí ó dojú kọ ilẹ̀. Tó bá jẹ́ fúùlù ni iná ọ̀sán yín ń lò, òkè ló ń dojú kọ, ojú sójà gan-an ló sì ń lọ bí ó tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ àbọ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ pa á, ẹ dúró, ẹ fa háńdíbíréèkì sókè dáadáa, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni iná iwájú á kú pátápátá. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárìn. Tí wọ́n bá ní ẹ máa lọ, ẹ ṣiná, kí ẹ tan dímù kí ẹ tó sọ háńdíbíréèkì kalẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti yọ fíúsì tàbí ríléè yín, ẹ fi náílọ́ọ̀nù kékeré dì í, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí fíúsì pẹ̀lú ìwé pélébé tó sọ ibi tí ẹ ti yọ ọ́ àti ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín á rí i níbẹ̀.